Kíkí Akẹ́kọ̀ọ́ Káàbọ̀ sí Ilé-Ẹ̀kọ́ Tí Kò Ní Ẹnu Ọ̀nà

Yorùbá kì í rí àlejò lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n má kí i. Bí ọwọ́ onílé ti wù kí ó dí tó, yóò dúró, yóò ní 'Ẹ kú àbọ̀', yóò sì béèrè bí ọ̀nà ti rí, kí ó tó bi àlejò ní ohun tí ó bá a wá. Ẹni tí ó bá wọ ilé onílé tí kò rí ẹni kí i lè rò pé kò sí ènìyàn nílé. Ó sì lè rò pé àwọn onílé kò fẹ́ òun níbẹ̀. Èyí tí ó wù kí ó rò nínú méjèèjì, ẹ̀yìn ni yóò padà sí. Kókó tí ìjíròrò yìí dá lé ni pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lóde òní ni ó wà ní ipò àlejò tí ẹnikẹ́ni kò kí. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́, àti àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, mọ ohun tí àìkíni yìí ń bà jẹ́, kí wọ́n sì mọ bí a ti ń tún un ṣe.

A lè fi ojú inú wo olùkọ́bìnrin kan tí ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlá. Ìwé-ẹ̀rí NCE ni ó ní. Ó fẹ́ gba oyè kún un. Kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò sì lè fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ lọ gbé inú ọgbà yunifásítì. Nítorí náà, ó tọ́jú owó, ó san án, ó sì forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ tí yóò máa fi fóònù ọwọ́ rẹ̀ kọ́ lálẹ́. Lẹ́yìn tí ó sanwó tán, kẹ́kẹ́ pa. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí ó di ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀, ó ṣí ojúlé ẹ̀kọ́ náà, ó bá ìwé mẹ́tàdínlógún tí a tò sórí ara wọn, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún un èwo ni kí ó kọ́kọ́ kà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kò ṣí i mọ́. Nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ náà, a óò kọ ọ́ pé ó sá. Àmọ́ ṣé ẹni tí a kò mú wọlé ni a ń pè ní ẹni tí ó sá jáde?

IBI TÍ Ẹ̀KỌ́ ÀÌFOJÚRINJÚ TI BẸ̀RẸ̀

Ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ kì í ti í fojú rinjú kì í ṣe nǹkan tuntun. Ní ọdún 1840 ni Isaac Pitman bẹ̀rẹ̀ sí fi ìwé tí ó ń fi ránṣẹ́ láti ilé-ìfìwéránṣẹ́ kọ́ àwọn ènìyàn ní ìkọ̀wé kíákíá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún yẹn gan-an ni ìjọba ilẹ̀ náà sọ owó lẹ́tà di pẹ́nì kan. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò da ẹsẹ Bíbélì kọ ní ìkọ̀wé tuntun náà, yóò fi ránṣẹ́, Pitman yóò yẹ̀ ẹ́ wò, yóò sì dá a padà. Ohun tí ó yẹ kí a ṣe àkíyèsí níbẹ̀ ni pé gbogbo ìwé tí ó padà dé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni ọwọ́ ènìyàn ti kàn. Akẹ́kọ̀ọ́ kò rí ojú olùkọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ dájú pé ẹnìkan wà lọ́hùn-ún.

Ní ọdún 1858, Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù gbà kí àwọn tí kò gbé inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ kankan máa ṣe ìdánwò oyè rẹ̀. Ọ̀nà yìí ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gbà tí ó fi gba oyè nípa ìmọ̀ òwò láti Yunifásítì náà ní ọdún 1944, kí ó tó wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ iṣẹ́ amòfin. Nígbà tí a dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1948, oyè Lọ́ńdọ̀nù yìí kan náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń gbà, títí di ọdún 1962 tí Ìbàdàn fi dá dúró.

Lẹ́yìn náà ni rédíò àti tẹlifíṣọ̀n dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 1969 ni a fún Open University ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìwé àṣẹ. Ní oṣù kìíní ọdún 1971 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, tí wọ́n lé ní 20,000, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Ìwé ń wá láti ilé-ìfìwéránṣẹ́, ètò ẹ̀kọ́ sì ń wá láti orí tẹlifíṣọ̀n BBC. Ní Nàìjíríà, Yunifásítì Èkó dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àfìwéránṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1974. Ní ọdún 1976 ni ìjọba àpapọ̀ dá National Teachers' Institute sílẹ̀ ní Kàdúná, kí àwọn olùkọ́ lè máa kọ́ ẹ̀kọ́ kún ẹ̀kọ́ láì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1983 ni a ṣe òfin tí ó dá National Open University sílẹ̀. Ní ọdún 1984 ni ìjọba ológun so ó rọ̀. Ọdún 2002 ni a tó jí i dìde padà. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé, tí a ti gbogbo ilé-ìwé pa ní oṣù kẹta ọdún 2020, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí kò tilẹ̀ ronú kan ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì rí náà bẹ̀rẹ̀ sí wá ọ̀nà rẹ̀ kiri. Láti ìgbà náà, ohun tí a ń fi ṣe àrà di ohun tí a ń fi ṣe iṣẹ́ òòjọ́.

OHUN TÍ Ó SỌNÙ LÁÀÁRÍN OLÙKỌ́ ÀTI AKẸ́KỌ̀Ọ́

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Nínú kíláàsì, ojú akẹ́kọ̀ọ́ ni olùkọ́ fi ń mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ yé e tàbí kò yé e. Ojú olùkọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ náà fi ń mọ̀ bóyá òun lè béèrè ìbéèrè tàbí kí òun dákẹ́. Kí olùkọ́ tó la ẹnu rárá ni ìkíni ti wáyé: ẹnìkan fi ọwọ́ júwe àga, ẹnìkan rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹnìkan béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó jókòó tì í bóyá ibí ni kíláàsì gírámà. Kò sí ẹni tí ó kọ nǹkan wọ̀nyí sínú ìwé ètò ẹ̀kọ́, nítorí pé wọ́n ń ṣẹlẹ̀ fúnra wọn. Orí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní ẹnu ọ̀nà, kò ní àga, kò ní ẹni tí ó jókòó tini. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú kíláàsì, a gbọ́dọ̀ mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é níbẹ̀ ni, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní í ṣẹlẹ̀.

Michael Moore, onímọ̀ ẹ̀kọ́ tí ó ti ń ṣe àlàyé lórí ọ̀rọ̀ yìí láti àwọn ọdún 1970, fi yé àwọn olùkọ́ pé jíjìnnà tí ó ń da ẹ̀kọ́ rú kì í ṣe jíjìnnà máìlì. Àìgbọ́ra-ẹni-yé tí ó wà láàárín olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ni jíjìnnà gan-an. Ẹni méjì lè wà nínú yàrá kan náà kí wọ́n jìnnà síra wọn; ẹni méjì sì lè wà ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n súnmọ́ra, bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ tí ó ń bọ̀ láàárín wọn. Ní ọdún 2000, àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta ní Kánádà, Garrison, Anderson àti Archer, sọ pé nǹkan mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ wà kí ẹ̀kọ́ orí kọ̀ǹpútà tó lè múná dóko: kí àwọn tí ń kẹ́kọ̀ọ́ lè máa ronú jinlẹ̀, kí ọwọ́ olùkọ́ hàn nínú ètò ẹ̀kọ́, kí olúkúlùkù sì lè fi ara rẹ̀ hàn gẹ́gẹ́ bí ènìyàn láàárín àwọn yòókù. Ẹ̀kẹta yìí ni ìkíni káàbọ̀ máa ń ṣí ilẹ̀kùn fún.

Àpẹẹrẹ kan wà tí ó yẹ kí ó kọ́ni lọ́gbọ́n. Ní ọdún 2011, olùkọ́ méjì, Sebastian Thrun àti Peter Norvig, ṣí ẹ̀kọ́ Yunifásítì Stanford kan nípa bí a ti ń kọ́ ẹ̀rọ ní ọgbọ́n inú sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nǹkan bí 160,000 ènìyàn ni ó forúkọ sílẹ̀. Àwọn tí ó parí rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 23,000. Kì í ṣe gbogbo àwọn tí ó lọ ni ó lọ nítorí àìkíni. Àwọn kan wá wòran lásán, ẹ̀kọ́ náà sì le fún àwọn mìíràn. Síbẹ̀, iye yìí fi hàn pé fíforúkọ sílẹ̀ kì í ṣe wíwọlé. Ẹni tí ó san owó ọkọ̀ kò ì tí ì dé ibi tí ó ń lọ.

Gilly Salmon, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé kan jáde ní ọdún 2000 fún àwọn tí ń darí ẹ̀kọ́ orí kọ̀ǹpútà. Ó pín ìrìn àjò akẹ́kọ̀ọ́ sí ìpele márùn-ún. Ìpele kìíní ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ráyè wọlé, kí ó sì ní ìfẹ́ láti dúró. Ìkejì ni kí ó mọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn méjèèjì yìí ni pàṣípààrọ̀ ìmọ̀ tó dé, lẹ́yìn náà ni jíjùmọ̀ ronú, ìkarùn-ún sì ni kí akẹ́kọ̀ọ́ lè máa dá darí ẹ̀kọ́ ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni ó máa ń fo ìpele méjì àkọ́kọ́, tí ó ń bẹ̀rẹ̀ láti ìkẹta. Bí ẹni tí ó gbé oúnjẹ síwájú àlejò tí ó ṣì wà ní ìta ni ó rí.

BÍ YORÙBÁ ṢE Ń GBA ÀLEJÒ

Àwọn ènìyàn lè rò pé òkè òkun nìkan ni ọgbọ́n tí ó yanjú ọ̀rọ̀ yìí ti lè wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn baba ńlá Yorùbá ti mọ bí a ti ń kí ẹni tí kò sí nítòsí. Nígbà tí kò sí lẹ́tà, àrokò ni wọ́n fi ń ránṣẹ́. Bí ẹnìkan bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ tí ó fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ 'ẹẹ́fà' ni ó ń lò: ọkàn òun fà sí i. Bí ọ̀rẹ́ náà bá fi ẹyọ mẹ́jọ dá èsì, ọ̀rọ̀ 'ẹẹ́jọ' ni òun náà ń lò: ọkàn àwọn méjèèjì jọra. Iṣẹ́ tí a fẹ́ kí ó ṣe lè tẹ̀ lé e lẹ́yìn náà. Ìfẹ́ ni a kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, èsì ìfẹ́ ni a sì kọ́kọ́ retí.

Bí àlejò bá sì dé, ètò wà tí a ń tẹ̀ lé. A ó rí i, a ó sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé a rí i. A ó kí i kú ewu ọ̀nà. A ó fún un ní ìjókòó. A ó gbé omi tútù fún un. A ó béèrè àwọn ará ilé rẹ̀. Ìgbà tí ara rẹ̀ bá balẹ̀ tán ni a tó bi í pé kí ni ó dé. Bí ó bá jẹ́ pé yóò sùn, a ó fi ilé hàn án: ibi tí yóò sùn, ibi tí yóò ti wẹ̀, ẹni tí yóò ké sí bí ilẹ̀ bá ṣú. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ káàbọ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lè tẹ̀ lé ètò yìí ní ẹsẹẹsẹ, kò sì ní í ṣìnà.

Rírí àlejò ni pípe orúkọ rẹ̀. Lẹ́tà tí a kọ sí 'gbogbo akẹ́kọ̀ọ́' kò rí ẹnikẹ́ni. Kíkí i kú ewu ọ̀nà ni mímọ̀ pé ó ti ṣe wàhálà kí ó tó débẹ̀: ó ti tọ́jú owó, ó ti wá ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ jáde, ó ti bá ọkọ tàbí aya sọ ọ́. Ìjókòó ni ibi kan tí a yà sọ́tọ̀ lórí ojúlé ẹ̀kọ́ náà, tí a lè pè ní Ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti sọ ẹni tí òun jẹ́, tí yóò sì ka ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ. Omi tútù ni iṣẹ́ kékeré kan tí kò lè ṣòro fún ẹnikẹ́ni, tí kò sì ní máàkì. Ẹni tí ó bá ti kọ gbólóhùn mẹ́ta síbẹ̀ tí olùkọ́ sì dá a lóhùn, ẹ̀rù kò tún ní í bà á láti kọ ojú-ìwé mẹ́ta. Fífi ilé hàn án ni kí a sọ fún un ibi tí ìwé wà, ọjọ́ tí ìdánwò bọ́ sí, àti ẹni tí yóò ké sí bí ọ̀nà bá dí.

LẸ́TÀ MÉJÌ

Ohùn tútù ní í yọ obì lápò, ohùn líle ní í yọ ọfà lápó. Nítorí náà, ó dára kí a gbé lẹ́tà méjì tí a ro fún àpẹẹrẹ yẹ̀ wò. Èkíní kà báyìí:

'A fi àkókò yìí sọ fún ọ pé a ti gbà ọ́ wọlé. Ka ìwé òfin tí a so mọ́ lẹ́tà yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá wọlé kí ọjọ́ mẹ́rìnlá tó pé, a óò pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Má ṣe fèsì sí lẹ́tà yìí.'

Kò sí irọ́ nínú lẹ́tà náà. Gbogbo ohun tí ó sọ ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbólóhùn mẹ́rin, ọ̀kan jẹ́ ìròyìn, ọ̀kan jẹ́ àṣẹ, ọ̀kan jẹ́ ìhàlẹ̀, èyí tí ó kẹ́yìn sì ti ilẹ̀kùn. Ní ilẹ̀ Yorùbá, kíkí ni jíjẹ́. Ẹni tí a kí ni ó yẹ kí ó dáhùn. Ìkíni tí ó pàṣẹ pé kí a má ṣe jẹ́ òun kì í ṣe ìkíni rárá.

Èkejì nìyí:

'Ìyáàfin Lágbájá, ẹ kú ìmúra ẹ̀kọ́ tuntun. Inú wa dùn láti rí orúkọ yín láàárín àwọn tí yóò kọ́ gírámà Yorùbá ní sáà yìí. Ọjọ́ Ajé tí ń bọ̀ ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n a ti ṣílẹ̀kùn láti òní. Nǹkan mẹ́ta péré ni kí ẹ ṣe kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹ wọ ojúlé ẹ̀kọ́ náà, kí ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ àṣírí tí a fún yín ń ṣiṣẹ́. Ẹ kọ gbólóhùn mẹ́ta sí Ọ̀dẹ̀dẹ̀: orúkọ tí ẹ fẹ́ kí a máa pè yín, ìlú tí ẹ ń gbé, àti ohun tí ó mú yín yan ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ sì jẹ́ kí a mọ̀ bí ó bá jẹ́ fóònù nìkan ni ẹ ní. Ẹ̀kọ́ náà yóò máa gba nǹkan bí wákàtí mẹ́fà lọ́sẹ̀. Bí nǹkan kan bá dí yín lọ́wọ́, ẹ pe nọ́ńbà ìsàlẹ̀ yìí láàárín agogo mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ènìyàn ni yóò gbé e. Ẹ kú ojú lọ́nà.'

Lẹ́tà kejì yìí kò gùn ju èyí tí a lè kà tán lórí ìjókòó nínú ọkọ̀ akérò. Kò fi ìwé òfin há àlejò lọ́nà ọ̀fun. Ó sọ wákàtí tí ẹ̀kọ́ yóò gbà, kí ẹni tí kò ní àyè lè tètè mọ̀; ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé ó retí èsì.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà nínú lẹ́tà méjèèjì tí ó kan àwọn tí ń kọ́ èdè ní pàtàkì. 'Ọ' ni lẹ́tà àkọ́kọ́ lò. 'Ẹ' àti 'yín' ni èkejì lò. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fi ń bá ọmọdé àti àgbà sọ̀rọ̀. Nítorí náà, bí a bá da ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà sí Yorùbá láìronú, yóò di ẹni tí ń pe àgbà ní 'ìwọ'. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ àìfojúrinjú jẹ́ ẹni ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òmíràn nínú wọn ju ẹni tí ń kọ́ wọn lọ ní ọjọ́ orí. Olùkọ́ kò lè rí irun funfun lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ó ti ibi ọ̀wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ni ó sàn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá jẹ́ ọmọ ogún ọdún, kò sí ohun tí 'ẹ' yóò gbà lọ́wọ́ olùkọ́; ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìyá ọlọ́mọ, 'ìwọ' lè lé e lọ.

ÀLEJÒ BÍ ÒKÉTÉ

Yorùbá ní àlejò bí òkété là ń fi èkùrọ́ lọ̀. Ohun tí ó bá àlejò mu ni a ń gbé síwájú rẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ ṣe ìkíni tí ó múná dóko gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ irú àlejò tí ó ní. Ní Nàìjíríà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀ kò pọ̀ tó ẹni tí ó ní fóònù. Owó ni a fi ń ra dátà. Fídíò oníwákàtí kan lè jẹ dátà tí akẹ́kọ̀ọ́ rà fún ọ̀sẹ̀ kan tán, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kíkọ tàbí ohùn olùkọ́ tí a gbà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kò ní í jẹ nǹkan kan tí ó tó ìyẹn. Olùkọ́ tí ó fi fídíò ńlá kí àlejò rẹ̀ dà bí ẹni tí ó ní kí àlejò ra omi tí yóò mu.

Iná mànàmáná tún ń bẹ níbẹ̀. Bí a bá ní kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ péjọ ní agogo mẹ́jọ alẹ́ fún ìkíni, àwọn tí iná kò sí lọ́dọ̀ wọn kò ní í sí níbẹ̀. Ó yẹ kí a gba ohun tí a sọ sílẹ̀, kí a sì kọ kókó rẹ̀ sí ojú-ìwé kan. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ aago rí fún àwọn tí ń kọ́ èdè Yorùbá láti òkè òkun. Agogo mẹ́jọ alẹ́ ní Èkó jẹ́ agogo méjì ọ̀sán ní New York nígbà òtútù, ó sì jẹ́ agogo mẹ́ta nígbà ooru. Ní Lọ́ńdọ̀nù, aago àwọn àti ti Èkó ń dọ́gba nígbà ooru, wọ́n sì ń fi wákàtí kan yàtọ̀ nígbà òtútù. Lẹ́tà tí kò bá sọ aago ìlú tí ó ń tẹ̀ lé yóò mú kí ọmọ Yorùbá tí a bí sí òkè òkun, tí ó fẹ́ kọ́ èdè baba rẹ̀, dé kíláàsì nígbà tí àwọn yòókù ti túká.

ÀWỌN ÀTAKÒ

Àwọn olùkọ́ kan máa ń sọ pé àwọn kò ní àkókò fún irú nǹkan báyìí. Ẹni tí ó ní irinwó akẹ́kọ̀ọ́, báwo ni yóò ṣe máa kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan? Àtakò yìí tọ́ ní ibi kan. Kò sí ẹni tí ó lè kọ lẹ́tà irinwó lọ́wọ́. Àmọ́ ẹ̀rọ kan náà tí ń fi ìhàlẹ̀ ránṣẹ́ lè fi orúkọ olúkúlùkù sí orí lẹ́tà ìkíni. Bí ẹ̀rọ bá ti ṣe èyí tán, iṣẹ́ ènìyàn ni láti wo àwọn tí kò jẹ́ ìkíni náà. Nínú irinwó, ó lè jẹ́ ọgọ́ta péré ni kò wọlé lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn ọgọ́ta wọ̀nyí ni ó yẹ kí a pè lórí fóònù, a sì lè pín wọn fún àwọn olùrànlọ́wọ́. Olùkọ́ tí ó bá pè wọ́n lè gbọ́ pé ọ̀rọ̀ àṣírí ni kò ṣiṣẹ́, tàbí pé nọ́ńbà fóònù ti yí padà. Nǹkan kékeré ni, ṣùgbọ́n òun ni ìbá sọ akẹ́kọ̀ọ́ náà di ẹni tí ó sá.

Àtakò kejì ni pé àgbàlagbà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí, wọn kò nílò ìkẹ́. Ẹni tí ó bá sọ báyìí gbàgbé pé àgbà ni Yorùbá ń kí jù. Ìkíni kì í ṣe ìkẹ́, ẹ̀tọ́ ni. Àtakò kẹta ni ó wúwo jù: pé ìkíni kò lè dípò ẹ̀kọ́. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ilé tí a ti kí àlejò dáadáa tí a kò sì fún un lóúnjẹ, ẹlẹ́yà ni ó fi ṣe. Bí lẹ́tà ìkíni bá dùn bí oyin, tí olùkọ́ kò sì dá iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe padà fún oṣù méjì, ìjákulẹ̀ náà yóò tilẹ̀ pọ̀ ju ti ẹni tí a kò kí rárá lọ. Nítorí náà, olùkọ́ kò gbọdọ̀ ṣèlérí nínú ìkíni ohun tí kò ní lè mú ṣẹ. Bí ó bá sọ pé ènìyàn ni yóò gbé fóònù, ènìyàn ni ó gbọ́dọ̀ gbé e.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà ní ojúṣe tirẹ̀. Àlejò tí a kí tí kò dáhùn ni ó ń mú kí onílé bẹ̀rẹ̀ sí fura. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gba lẹ́tà ìkíni yẹ kí ó fèsì lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ gbólóhùn kan. Kí ó wọ ojúlé ẹ̀kọ́ náà kí ọjọ́ tó pé. Kí ó dán ọ̀rọ̀ àṣírí wò nígbà tí àyè ṣì wà láti tún un ṣe. Kí ó sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ wákàtí tí òun yóò máa fi kàwé, kí wọ́n lè gbà fún un. Bí ó bá sì rí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí òun náà kí i. Ilé tí olórí ilé nìkan ti ń kí àlejò, ilé náà kò ì tí ì gba àlejò.

Bí a bá padà sọ́dọ̀ olùkọ́bìnrin tí a fi bẹ̀rẹ̀, kò sí ohun tí ó ṣòro nínú ohun tí ìbá dá a dúró. Lẹ́tà kan tí ó mọ orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ kékeré kan tí ó lè ṣe kí ó tó sùn, àti ìpè kan lọ́sẹ̀ kejì nígbà tí a kò rí i. Ọdún mẹ́rìnlá ni ó ti fi dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì tirẹ̀ láràárọ̀, tí ó ń pe orúkọ àwọn ọmọ bí wọ́n ti ń wọlé. Ohun tí ó ń ṣe fún ọmọ ọdún mẹ́fà lójoojúmọ́ ni kò rí ẹni ṣe fún òun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lónìí bá di ẹni tí ń darí ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́la, kí wọ́n rántí pé kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. 'Ẹ kú àbọ̀' ni orí àkọ́kọ́ rẹ̀.